Crane: Ẹyẹ Tó Yá Ẹ̀rọ Lórúkọ

"Má ṣe dúró lábẹ́ ẹyẹ nígbà tó bá gbé ẹrù."

Gbólóhùn tí mo pàdé nìyẹn lójú ìwé kẹrin iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe jẹun, láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ó ti lé ní ọdún 11 báyìí. Ìwé ìlànà ààbò ni, fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ńlá tó máa ń gbé irin àti búlọ́ọ̀kù gorí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi ti kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà túmọ̀ rẹ̀, ó ní kí n kàn bá òun tún un ṣe díẹ̀. Kọ̀ǹpútà rí crane, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹ̀rọ náà àti ẹyẹ kan, ó kọ ẹyẹ. Láti ojú ìwé kìíní dé ojú ìwé 42, ẹyẹ ló ń gbé ẹrù, ẹyẹ ló ń yí sọ́tùn-ún sósì, ẹyẹ ni kí wọ́n máa fi gíríìsì pa lóṣooṣù.

Mo mọ̀ pé ó lè pa ẹlòmíì lẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín, torí ẹni tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé náà fún ni mò ń rò. Orí ilẹ̀ lẹni yẹn á dúró sí, ẹrù tó tó ọkọ̀ akẹ́rù á máa fì lókè orí rẹ̀, ìwé tó wà lápò rẹ̀ ló sì yẹ kó sọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ fún un. Tí ìwé yẹn bá wá ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ fún un, á pa á dé, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa fi ojú díwọ̀n. Àwọn gbólóhùn tí kò bọ́gbọ́n mu rárá kọ́ ló tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù. Èyí tó fẹ́ bọ́gbọ́n mu ló bà mí lẹ́rù. "Rí i dájú pé ẹyẹ náà dúró sórí ilẹ̀ tó le." Ta ló máa ka ìyẹn tí á mọ̀ pé ẹ̀rọ tó lè dojú dé ni wọ́n ń sọ? Nígbà tó di ojú ìwé 19, kọ̀ǹpútà tún yí ohùn padà, ó pè é ní lékeléke. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, orúkọ méjì, kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

Mo pa iṣẹ́ náà tì fún ọjọ́ méjì, mo ń tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ẹyẹ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dàgbà jù. Ẹnikẹ́ni ò tíì ronú kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹyẹ yìí ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Cran ni àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ń pè é. Àwọn Gíríìkì ní geranos, àwọn ará Róòmù ní grus, èdè Wales ní garan. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Gbòǹgbò tí àwọn onímọ̀ èdè tọ orúkọ náà dé túmọ̀ sí kí nǹkan ké ní ohùn tó ha. Igbe ẹyẹ náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ! Etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ọrùn ò tíì sí níbẹ̀.

Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ yìí gùn débi pé ṣe ló ká wọnú egungun àyà wọn, ibẹ̀ ni ohùn ti ń ró kó tó jáde. Èèyàn lè jìnnà sí wọn ní kìlómítà mélòó kan kó ṣì máa gbọ́ wọn. Mo wá fídíò wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru, mo yí ohùn rẹ̀ sókè. Igbe náà dà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí géètì onírin tí ìdè rẹ̀ ti dógùn-ún, tí ẹnì kan sì ń fun kàkàkí lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ọ, mo pe grus lẹ́nu ara mi, mo fa r inú rẹ̀ gùn, mo sì mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ pe orúkọ yẹn, ṣe ló ń sín ẹyẹ náà jẹ.

Oríṣi 15 ni wọ́n, wọ́n sì wà ní gbogbo kọ́ńtínẹ́ǹtì àyàfi Gúúsù Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ oníyìnyín ti ìsàlẹ̀ ayé. Èyí tí wọ́n ń pè ní sarus, ní ilẹ̀ Íńdíà àti àwọn ibòmíì, lè ga tó mítà 1.8, kò sì sí ẹyẹ tó ń fò tó ga jù ú lọ. Èyí tó ní adé lórí, tí irun adé náà le tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi wúrà, òun ni Yorùbá mọ̀ sí agùfọn. Ọ̀pọ̀ lónìí ló tún ń fi orúkọ agùfọn yìí pe jìráàfù, ẹranko ọlọ́rùn gígùn tó ń jẹ ewé lórí igi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Orúkọ ń gba ojú ọrùn kọjá láti ara ẹyẹ bọ́ sí ara nǹkan mìíràn, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu tiwa náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní lékeléke fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, ẹ wò wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fò. Lékeléke máa ń ká ọrùn rẹ̀ pọ̀, á fà á wálẹ̀ sáàárín èjìká. Crane á na tirẹ̀ tààrà síwájú, á na ẹsẹ̀ tààrà sẹ́yìn, gbogbo ara rẹ̀ á gùn gbọọrọ lójú ọ̀run bí ọ̀pá. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìyàtọ̀ ọrùn kíká àti ọrùn nínà ló ṣe pàtàkì jù, torí ká ní ọrùn kíká ni ẹyẹ yìí fi ń rìn kiri ni, bóyá kò ní yá ẹnikẹ́ni lórúkọ.

Ọ̀kan wà nínú wọn ní Àríwá Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní whooping crane, èyí tó ń hó yè. Orúkọ rẹ̀ dárúkọ igbe lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ bá rò ó. Nígbà tó fi máa di 1941, gbogbo èyí tó kù láyé kò tó 25. Àwọn èèyàn dìde sí i, wọ́n dáàbò bo ibi tí wọ́n ń yé sí, wọ́n fọwọ́ tọ́ ọmọ wọn, lónìí wọ́n ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ọkàn mi máa ń dúró níbẹ̀. Èèyàn á máa gbọ́ crane lójoojúmọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kò sì ní mọ̀ pé ẹyẹ tó ni orúkọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́ níbì kan.

Ó yá, ẹ̀rọ. Àwọn Gíríìkì ló kọ́kọ́ kó òkúta ńláńlá sókè pẹ̀lú ọ̀pá, okùn àti púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà yí, lọ́nà tí àmì rẹ̀ ṣì wà. Lára òkúta tẹ́ńpìlì wọn tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 515 ṣáájú ìbí Kristi, ihò tí wọ́n gbẹ́ kí irin lè rí ibi dì mú ṣì wà níbẹ̀ kedere. Ẹ̀rọ náà dúró, ọ̀pá rẹ̀ gùn, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, okùn ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó wò ó láti òkèèrè rí geranos tó ń mu omi létí odò. Wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀.

Èyí ò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu. Àwa náà la ní ojú abẹ́rẹ́, ẹnu ọ̀nà, etí odò, ẹsẹ̀ tábìlì, imú ọkọ̀, ọrùn ìgò. Ẹ̀yà ara la fi ń wo ohun gbogbo. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa yá ẹ̀yà ara nìkan, àwọn Gíríìkì gbé odindi ẹyẹ.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù lọ ni ohun tí àwọn èdè yòókù ṣe. Mo ya pépà sí méjì, mo kọ ẹyẹ sápá kan, mo kọ ẹ̀rọ sápá kejì, mo wá ń kún un. Faransé: grue, grue. Èdè Hungary: daru, daru. Èdè Poland: żuraw, żuraw. Ní Gdańsk, ìlú kan ní Poland, létí odò, ẹ̀rọ onígi ràbàtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Żuraw, tí wọ́n kọ́ láàárín 1442 sí 1444. Àwọn ọkùnrin ló ń rìn nínú àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ló ń yí i, òun ló ń gbé ẹrù àti òpó ìgbòkun sínú ọkọ̀ ojú omi. Ogun jó o ní 1945, wọ́n tún un kọ́. Èdè Spain ya orúkọ náà díẹ̀ kí wọ́n má bàa ṣì í mú: grulla ni ẹyẹ, grúa ni ẹ̀rọ. Jámánì náà ṣe bẹ́ẹ̀, Kranich fún ẹyẹ, Kran fún ẹ̀rọ. Àwọn Dutch gbé orúkọ náà fún ẹ̀rọ pátápátá, wọ́n ní kraan, wọ́n tún fi kraan kan náà pe ẹ̀rọ omi tí à ń ṣí nílé ìdáná, torí ọrùn tòun náà tẹ̀. Nígbà tó wá ku ẹyẹ tó ni ín, kraanvogel ni wọ́n ní láti máa pè é, ìyẹn ẹyẹ kraan. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ onílé, wọ́n wá fún un lórúkọ àlejò! Àwọn Rọ́ṣíà yá kran lọ́wọ́ àwọn Dutch, fún ẹ̀rọ agbẹ́rù àti fún ẹ̀rọ omi, wọ́n sì fi orúkọ ẹyẹ tiwọn, zhuravl, pe ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń fa omi nínú kànga. Àwọn tó ń sọ Hébérù lóde òní ní agur tó jẹ́ ẹyẹ láti ìgbà Bíbélì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ẹ̀rọ lórúkọ, wọ́n fi ìrù kékeré kan mọ́ ọn, ó di aguran.

Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ méjì ṣèèṣì jọ ara wọn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí mo ti rò láti kékeré. Ọ̀rọ̀ kan ni. Àwòrán kan náà ló ń tún ara rẹ̀ yà lójú àwọn èèyàn tí wọn ò jọ gbé pọ̀. Igbe ló fún ẹyẹ lórúkọ, ọrùn ló gbé orúkọ náà fún ẹ̀rọ.

Inú mi dùn gan-an sí èyí débi pé mo fẹ́ dá orúkọ sílẹ̀ fún tiwa. Mo kọ ẹ̀rọ ọlọ́rùn, mo kọ ẹ̀rọ agùfọn. Mo tiẹ̀ lò ó fún ojú ìwé méjì. Ìgbà tí mo kà á sókè ni mo dákẹ́. Orúkọ tí ó wu olùtumọ̀ kì í ṣe orúkọ tí ẹni tó wà lábẹ́ ẹrù ń retí. Mo bá pe bọ̀dá kan tí mo mọ̀, ó ti ń wa ẹ̀rọ yìí pẹ́. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ṣé ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè bí mo ti rí i nínú àwọn ìwé kan.

Ó ní, "Àǹtí, kíréènì ni o. Tí nǹkan bá fẹ́ já, ta ló máa ráyè pe gbogbo ìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi." Ó parí. Ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè wà lójú ìwé kìíní gẹ́gẹ́ bí àlàyé, lẹ́ẹ̀kan péré, torí fọ́kílíìfù náà ń gbé ẹrù sókè, lífìtì náà ń gbé ẹrù sókè. Láti ibẹ̀ lọ, kíréènì ni.

Ṣùgbọ́n ọrùn ẹyẹ náà padà wọlé láti ẹ̀yìn. Ìwé náà ní láti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pá gígùn tí kíréènì nà jáde, èyí tí okùn irin àti ìkọ́ ń fì ní ṣóńṣó rẹ̀. Apá ni kọ̀ǹpútà pè é, ó sì dára létí. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ojú ìwé 27, níbi tí àwọn àmì ọwọ́ wà. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ kì í gbọ́ ohùn ẹni tó wà nílẹ̀ nítorí ariwo, nǹkan mìíràn sì lè dí i lójú, torí náà ẹnì kan ní láti dúró síbi tó ti lè rí i kó máa fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ kí ó gbé ẹrù sókè, á gbé ìgbọ̀nwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á na ìka ìfábẹ̀lá sókè, á máa yí ọwọ́ náà ní òbìrí kékeré. Tó bá fẹ́ kó gbé ọ̀pá gígùn yẹn sókè, á na apá gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á di ìka mẹ́rin, á yọ àtàǹpàkò sókè. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nínú ọ̀kan, okùn ló ń fà. Nínú èkejì, odindi ọ̀pá ló ń dìde, ẹrù á sì sún mọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá gba ọ̀kan fún èkejì lè gbá ẹlòmíì dànù.

Kí wá ni mo kọ tẹ́lẹ̀? "Na apá rẹ kí apá lè gòkè." Apá ta ni? Apá ẹni tó ń ṣe àmì, àbí apá ẹ̀rọ? Mo wo gbólóhùn náà títí. Mo padà sí ojú ìwé kìíní, mo pa gbogbo apá ẹ̀rọ rẹ́, mo fi ọrùn sí i. Apá di ti èèyàn nìkan, ọrùn di ti kíréènì nìkan. "Na apá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yọ àtàǹpàkò sókè: kíréènì yóò gbé ọrùn sókè." Nígbà tí mo kà á fún bọ̀dá yẹn lórí fóònù, ó ní kí n tún un kà, ó ní, "Ìyẹn yé mi." Àwọn Gíríìkì ló jẹ́ kí n rí i.

Nígbà tí mo ti wá mọ̀ ọ́n ní ọrùn, ohun tí ìwé náà ń sọ bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi fúnra mi. Bí ọrùn bá ti nà tó ni ẹrù tó lè gbé ń dín kù tó. Tí a bá fi ìṣirò lásán wò ó, ẹrù tọ́ọ̀nù 10 tó wà ní mítà 5 sí ìdí ẹ̀rọ, agbára kan náà ló fi ń fà á ṣubú bíi tọ́ọ̀nù 5 tó wà ní mítà 10. Ẹ gbé garawa omi mọ́ àyà yín, kí ẹ wá na ọwọ́ jáde pẹ̀lú garawa kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to búlọ́ọ̀kù kọnkéré sẹ́yìn kíréènì gogoro, kó lè bá ẹrù iwájú dọ́gba. Àwọn tó ń dá gbéra lórí táyà, ṣe ni wọ́n máa ń na ẹsẹ̀ irin mẹ́rin sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé ohunkóhun, orí pákó tàbí irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ni wọ́n sì máa ń gbé ẹsẹ̀ náà lé kí ó má rì. Ìyẹn ni "ẹyẹ náà dúró sórí ilẹ̀ tó le" tí kọ̀ǹpútà kọ. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé: tí iṣẹ́ bá parí lọ́jọ́ kan, wọn kì í so ọrùn kíréènì gogoro mọ́ ojú kan. Wọ́n máa ń tú ìjánu rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè máa bá atẹ́gùn yí, torí tí wọ́n bá dè é pinpin, ìjì lè wó o.

Crane tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún: kí èèyàn na ọrùn kó lè rí nǹkan. Ibí yìí ò fún mi ní wàhálà kankan. Na ọrùn wà, nàgà wà, yọ ọrùn wà, èdè Yorùbá ti ní in kí ẹyẹ kankan tó dé. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù náà ní tiwọn, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gbé kámẹ́rà gòkè kó lè wo ìran láti òkè wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí crane wà nínú rẹ̀ tí kò hàn sí ojú, òun ló mú mi pẹ́. Pedigree. Mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí bí ìgbà ogún láyé mi, fún ajá, fún ẹṣin, fún ọmọ ọba, mo ń kọ ìran, mo ń kọ orírun, mi ò béèrè ibi tó ti wá rí. Pied de grue ni, láti Faransé àtijọ́. Ẹsẹ̀ crane. Nínú ìwé ìdílé, orúkọ bàbá á wà lókè, ìlà mẹ́ta á ya kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ fi ìka yà á sínú iyẹ̀pẹ̀: ìlà kan gígùn, mẹ́ta tó là sísàlẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ẹyẹ ni. Akọ̀wé kan láyé ọjọ́un, tó ń kọ ìdílé àwọn ọlọ́lá, wo ohun tó fi gègé yà, ó sì rí ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orí ẹrẹ̀ kọjá. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mi ò lè rí ìwé ìdílé kí n má rí ẹsẹ̀ yẹn. Àwọn Faransé òde òní ṣì ń lo ẹsẹ̀ kan náà: ẹni tó bá dúró pẹ́ tó ń retí ẹni tí kò dé, wọ́n á ní ó ń ṣe ẹsẹ̀ grue, torí ẹyẹ náà lè fi ẹsẹ̀ kan dúró títí. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ tiẹ̀ gbà gbọ́ pé èyí tó ń ṣọ́ àwọn yòókù lóru máa ń fi ẹsẹ̀ kan gbé òkúta dání, kó bàa lè jẹ́ pé bí oorun bá gbé e lọ, òkúta á já bọ́, á sì jí.

Àwọn yòókù, mo kàn kọjá lára wọn. Òdòdó geranium gba orúkọ lára geranos torí èso rẹ̀ gùn ṣonṣo bí ẹnu ẹyẹ náà. Cranberry wá láti èdè àwọn ará àríwá Jámánì, èso crane. Kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan wà tó ń jẹ́ crane fly. Àwọn ìràwọ̀ kan wà ní gúúsù ojú ọ̀run tí àwọn atukọ̀ Dutch kọ sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Grus ni wọ́n ń jẹ́ títí dòní.

Gbogbo àkókò tí mò ń ṣe èyí, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ká pépà. Ó gbọ́ tí mò ń pe crane, crane, ó lọ wá bí wọ́n ṣe ń ká a bí àwọn ará Japan ti ń ṣe. Ó bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń ká ẹgbẹ̀rún. Mo sọ fún un nípa Sadako Sasaki, tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bá ní ìlú Hiroshima ní Japan nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ sì dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ti ń ká ẹyẹ pépà, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá ká ẹgbẹ̀rún á rí ohun tó ń fẹ́. Ó kú ní 1955, ọmọ ọdún 12. Ní 1958 wọ́n gbé ère rẹ̀ ró ní Hiroshima, ó gbé ẹyẹ náà sókè lórí. Ọmọ mi ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣáà ń ká.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ orí."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Kí wọ́n tó ká ẹnu rẹ̀, ṣóńṣó méjì ló yọ sókè, tín-ín-rín, ọgbọọgba, ọ̀kan á di ìrù, èkejì á di ọrùn, kò sì sí àmì kankan lára wọn tó fi hàn. Mo ní kó mú èyí tó bá wù ú. Ó mú tapá òsì, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú èékánná, lójú ẹsẹ̀ ló di ẹyẹ.

Mo parí iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Ẹtì. Kọ̀ǹpútà lè fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn jákèjádò ìwé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì wù mí kí n ní kó fi kíréènì rọ́pò gbogbo ẹyẹ. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, ojú mi ti rí tó. Mo wá a lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi 63. Gbólóhùn ojú ìwé kẹrin di: "Má ṣe dúró, má sì ṣe gba abẹ́ ẹrù tí kíréènì gbé sókè kọjá." Lékeléke ojú ìwé 19 di kíréènì. Nígbà tí mo dé ibi kejìlélọ́gọ́ta, nínú ohun tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò láàárọ̀ kó tó tan ẹ̀rọ, mo rí èyí: "Wo inú ọrùn dáadáa bóyá ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀." Mo ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì, mo wò ó. Ẹyẹ ni wọ́n ní lọ́kàn lóòótọ́. Mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà, mo lọ sí èyí tó kù.